Ẹjọ́ aró tí mo lọ rò ní ilé ìwé ọmọ mi

Ìbéèrè: Olùkọ́ kẹ́mísìrì ọmọ mi ọkùnrin ní Georgia ti fi ọ̀sẹ̀ méjì kọ́ wọn nípa aró àti àwọn ẹrú tí ó ń ṣe é. Dókítà ni mo fẹ́ kí ó dà. Ṣé kí n lọ bá olùkọ́ náà ni?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ. Èmi lọ ní tèmi, níhìn-ín ní South Carolina. Olùkọ́ náà jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Mo sọ fún un pé kẹ́mísìrì ni mo fi ọmọ mi sí, kì í ṣe ìtàn ẹrú, àti pé wọn kò kó àwa lẹ́rú. Ọmọbìnrin mi dúró lẹ́yìn mi. N kò mọ̀ pé ó ti múra láti sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé aláró ni ìyá àgbà òun ní Abẹ́òkúta. Ó pa iṣẹ́ ilé ìwé tó ń ṣe lórí aró náà tì, ó lọ ṣe ti bátìrì.

Kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1775, lẹ́yìn ìrẹsì, aró ni ọjà tí ó ń mówó wọlé jù níhìn-ín. Àwọn ẹrú a rẹ ewé sínú àgbá ńlá títí yóò fi kan, wọn a da omi rẹ̀ sínú àgbá mìíràn, wọn a sì máa fi igi lù ú títí ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ yóò fi sọ ọ́ di aró tí ó ń sìlẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Apá wọn ni ẹ̀rọ. Ọ́síjìn yìí kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ìyá mi bá fa aṣọ yọ nínú ìkòkò, tí àwọ̀ ewé rẹ̀ ń di aró lójú wa, àmọ́ ìyá mi ló ni ìkòkò tirẹ̀, òun ló sì ń gbowó aṣọ.

Ní ti dókítà, ẹ sọ fún ọmọ yín pé Percy Julian, ọmọ ọmọ ẹrú ní Alabama, ni ó ṣe oògùn ojú physostigmine ní ilé àyẹ̀wò ní 1935, oògùn tí a ti ń rí tẹ́lẹ̀ nínú ẹ̀wà Calabar. Bí ìyá yín bá ṣì wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fi ẹnu ara rẹ̀ bi í léèrè nípa aró. Bí kò bá gbọ́ Yorùbá tó, n kò mọ ohun tí ẹ ó ṣe; iṣẹ́ alẹ́ ni èmi ń ṣe, n kì í sì í ráyè túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún ọmọ mi àti ìyá mi. Ẹ má rò pé n kò kọ́ ọmọ mi ní nǹkan kan. Ó ń kúnlẹ̀ kí àgbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú ìyá mi, ọmọbìnrin mi bi mí pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń sẹ́ omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe aró. N kò mọ̀ ọ́n, nítorí mo máa ń sá fún ìkòkò náà kí ọwọ́ mi má baà dúdú lọ sí ilé ìwé. Kò tún bi mí mọ́.