Ẹ béèrè ìyá ọmọ náà lọ́wọ́ wọn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan láti Uganda wàásù fún ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa lóṣù tó kọjá. Ó ní iṣẹ́ ìránṣẹ́ òun ń fi àwọn ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìdílé Kristẹni tó ń gbà wọ́n tọ́, ó sì fi fọ́tò wọn hàn wá. Ó fẹ́ kí oníkálùkù wa mú ọmọ kan, kí a máa fi ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ránṣẹ́ lóṣooṣù. Ó tún ní kí a wá lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn ọmọ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Ọkọ mi ní kò bójú mu, pé ọmọ tí wọ́n gbé jù sílẹ̀ wà ní Ìbàdàn níbí. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn. Ẹ bá mi kí Bàbá Ìbejì. Mo gbọ́ tiwọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ Ìbàdàn rọra sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Bí àwọn tó ń dáwó fún CMS, ẹgbẹ́ tó ń rán míṣọ́nnárì jáde láti London, bá ti sọ pé ọmọ ilé àwọn tó àwọn gbọ́, Anna Hinderer àti David ọkọ rẹ̀ ì bá má dé ìlú yìí ní 1853. Ilé wọn ní Kúdẹtì ni Olóyè Olúnlọ́yọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí kí wọ́n bá òun tọ́ wọn. Bàbá àwọn ọmọ yẹn wà láàyè o, nínú ìlú kan náà.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ń lọ. Iṣẹ́ wẹ́fíà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún yín pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọ òrukàn ló ní ìyá. Bákan náà lọ̀rọ̀ rí ní Uganda. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà-Ọba gbé ìkókó rẹ̀ wá bá wa lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó ní ká bá òun wá ibi tí ọmọ náà yóò ti máa rí wàrà mu. Kò kọ ọmọ rẹ̀. Onílé ló ń lé e. A rí ẹni tó bá a san owó ilé, ìyàwó pásítọ̀ kan sì ń gbé agolo wàrà lọ fún un títí ọjà rẹ̀ fi dìde. Ká ní a ti gba ọmọ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ni, fọ́tò rẹ̀ ì bá ti wà lára ògiri ibì kan pé ọmọ aláìlóbìí ni, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin kan ì bá sì máa dáwó fún un. Jákọ́bù 1:27 dárúkọ opó mọ́ aláìníbaba, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wo bí a ṣe ń náwó nínú ìjọ, ẹ ó rò pé aláìníbaba nìkan ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ kọ́kọ́ máa bi òjíṣẹ́ yẹn ni pé: níbo ni ìyá ọmọ yìí wà, ta ló wá a, kí sì ni ẹ ṣe fún un kí ẹ tó gbé ọmọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Bí kò bá sí ìyá tàbí ẹbí tí wọ́n rí lóòótọ́, a jẹ́ pé ọ̀nà tó dára ni wọ́n ń tọ̀. Ilé alágbàtọ́ sàn ju ilé ńlá tí wọ́n kó ọgọ́rùn-ún ọmọ sí. Lẹ́yìn tí ìjọba Ceaușescu ṣubú ní Romania ní 1989, ọmọ tó lé ní 100,000 ni wọ́n bá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní 2000, àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ọmọ 136 láti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bucharest, olú ìlú Romania. Wọ́n ṣẹ́ gègé, wọ́n fi ìdajì wọn sọ́dọ̀ alágbàtọ́. Nígbà tó yá, ọpọlọ àwọn wọ̀nyí jí pépé ju ti àwọn tó kù lọ, pàápàá àwọn tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Kò ṣòroó yé ìyá ọlọ́mọ. Nínú ilé ńlá bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbé ọmọ láàárọ̀ ti lọ sílé rẹ̀ nígbà tó bá fi máa dalẹ́, ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́ òru, ìkókó ò sì mọ ẹni tí òun ì bá sunkún sí.

Ẹ tún bi wọ́n bóyá ọ̀gá wẹ́fíà ìjọba ní agbègbè wọn, tí wọ́n ń pè ní probation officer ní Uganda, mọ̀ sí gbogbo ọmọ tí wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ bèèrè ẹni tó ń yọjú sí ilé alágbàtọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀, àti iye tó ń dé inú ìkòkò ọbẹ̀ nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá yín.

Ti “ọmọ kan, ìyá kan” yìí ò wù mí. Alágbàtọ́ náà ní ọmọ tirẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí àǹtí kan bá ti London fi bàtà ránṣẹ́ sí ẹyọ ọmọ kan nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí owó yín lọ fún agboolé, kí gbogbo ọmọ ibẹ̀ jọ fi lọ sílé ẹ̀kọ́.

Ìrìn àjò ọlọ́sẹ̀ kan? Ẹ má lọ. Ọmọ tí ẹni tó mọ̀ ti fi sílẹ̀ rí kò nílò àjèjì tí yóò gbé e pọ̀n fún ọjọ́ méje, tí yóò tún bá ọkọ̀ òfuurufú lọ. Owó tíkẹ́ẹ̀tì yín á tọ́jú ìdílé kan fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má sì gbé ojú ọmọ ẹni ẹlẹ́ni sórí WhatsApp yín.

Ó ku Bàbá Ìbejì. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà láti 2006. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tàbí kó he é lẹ́bàá ọ̀nà kó kàn máa gbé e lọ sílé: ẹ fi tó ọlọ́pàá àti wẹ́fíà létí. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọmọ tọ́ yóò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé ní Sẹkitéríàtì, Àgodi. Wọn yóò wá wo ilé yín, wọn yóò wádìí yín, wọn yóò sì fẹ́ gbọ́ tẹnu ọkọ àti ìyàwó. Òkè-Àdó ò jìnnà síbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ Ìbàdàn bá ń dun Bàbá Ìbejì dénú, ẹ ní kí wọ́n wọ aṣọ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ jọ lọ.

Ní ti owó Uganda, kí akápò máa gbà á jọ, kó má tíì fi ránṣẹ́ títí èsì ìbéèrè yín yóò fi dé ní kíkọ sílẹ̀.