Fídíò tí zip kò mú fúyẹ́, àti pásíwọ́ọ̀dù tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ohùn ìyá mi lọ́wọ́ mi

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ ní ẹ kó fídíò ìdílé yín tó tó 40 GB sínú zip (àpò fáìlì tó ń fún nǹkan pọ̀ kó lè fúyẹ́), ẹ dúró fún wákàtí mẹ́ta, ohun tó dín kù kò sì tó 1 GB. Ẹ wá ń béèrè bóyá ètò náà ló bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe máa fi pásíwọ́ọ̀dù tì í pa kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò yín.

Kò bàjẹ́. Fídíò tí fóònù tàbí kámẹ́rà bá ká, ó ti fún un pọ̀ láti ìgbà tó ti ń ká a. H.264 tàbí H.265, ọ̀nà ìfún-fídíò-pọ̀ tó wà nínú fáìlì MP4, ti yọ àtúnwí kúrò níbẹ̀: ibi tí kò bá yí padà láti àwòrán kan sí èkejì, kì í tún un kọ. Àtúnwí yìí gan-an sì ni zip ń wá kiri. Nígbà tí yóò fi dé, wọ́n ti kó o tán. Aṣọ tí wọ́n ti fún gbẹ lẹ tún ń fún. Nítorí náà, ẹ má fi “Ultra”, ìyẹn fífún dé góńgó, dá kọ̀ǹpútà yín lóró. Nínú 7-Zip, ètò tó ń di àpò fáìlì, níbi tí wọ́n kọ “Compression level” sí, “Store” ni kí ẹ mú. Kò ní fún nǹkan kan, yóò kàn dì í, kò sì ní pẹ́ rárá.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó fúyẹ́ lóòótọ́, fídíò fúnra rẹ̀ lẹ máa tún ṣe. HandBrake, ètò tó ń tún fídíò ṣe, ni mo ń lò, ọ̀fẹ́ ni. Mo máa ń mú H.265, mo sì máa ń fi RF, nọ́ńbà tó ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dára tó, sí 22 fún fídíò 1080p. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń ga sí i ni fáìlì ń kéré sí i, àwòrán náà sì ń rẹ̀yìn. Ohun tó bá ti sọ nù nínú àwòrán kò ní padà mọ́, torí náà èyí tí mo fún ni mo ń fi ránṣẹ́, ojúlówó ń bẹ lọ́wọ́ mi.

Títì pa ló ṣòro jù, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Bí ẹ bá mú zip nínú 7-Zip tí ẹ kò sì fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, ZipCrypto, àgádágodo àtijọ́ ti zip, ni yóò fi tì í. Láti 1994 ni Biham àti Kocher, àwọn onímọ̀ nípa títì ìsọfúnni pa, ti fi hàn pé àgádágodo yẹn ṣeé já. Ẹni tó bá mọ báìtì 12 péré nínú ohun tó wà nínú fáìlì lè ṣí i láìmọ pásíwọ́ọ̀dù. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì MP4 kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti òmíràn tán, àmì “ftyp” wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá wá fi “Store” pọ̀ mọ́ ZipCrypto, ẹ ti gbé báìtì wọ̀nyẹn fún olè. Ẹ mú 7z, irú àpò ti 7-Zip fúnra rẹ̀, dípò zip; AES-256, àgádágodo tó lágbára, ló ń lò, kí ẹ sì fọwọ́ sí “Encrypt file names”. Bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni tó bá rí àpò náà á rí orúkọ gbogbo fídíò inú rẹ̀, orúkọ nìkan sì lè tú àṣírí. Zip tí 7-Zip ń ṣe kò lè fi orúkọ pa mọ́ báyìí, kódà bí ẹ bá fún un ní AES.

Ní ti pásíwọ́ọ̀dù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Mo ká ìyá mi sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sọ ìtàn ìran wa, fídíò mọ́kànlá. Mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò 7z kan ṣoṣo, mo sì fi odindi gbólóhùn Yorùbá tì í, tàmì-tàmì, torí mo gbà pé kò sí àlejò tó lè rò ó dé ibẹ̀. Ìyá mi di olóògbé. Nígbà tí mo fẹ́ wo fídíò náà lórí kọ̀ǹpútà tuntun, mo tẹ gbólóhùn yẹn, ó ní “Wrong password”. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ wo lẹ́tà “ẹ́”: ètò ìtẹ̀wé kan (èyí tó ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù kọ lẹ́tà Yorùbá) á kọ “ẹ” kó tó fi àmì òkè sí i, òmíràn á kọ “é” kó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú 7-Zip, pásíwọ́ọ̀dù méjì ni. Ètò ìtẹ̀wé tí mo lò tẹ́lẹ̀ ni mo lọ wá kàn, tí mo tún fi sórí kọ̀ǹpútà, kó tó ṣí. Mo sunkún nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ mẹ́fà tí kò bá ara wọn tan ni mo ń lò, lẹ́tà a sí z lásán, láìsí àmì kankan. Mo kọ ọ́ sórí ìwé, ó wà lọ́wọ́ mi, ó wà lọ́wọ́ àbúrò mi. Bí pásíwọ́ọ̀dù 7z bá sọ nù, ẹni tó ṣe 7-Zip gan-an kò lè bá yín ṣí i.

Mi ò tún kó gbogbo fídíò sínú àpò kan mọ́. Ìparí fáìlì ni 7z ń kọ àkójọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí, bí ẹ̀dà rẹ̀ bá já kó tó dé òpin, ó lè má ṣí rárá. Fídíò kan, àpò kan. Bí dísìkì yín bá jẹ́ FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ tí dísìkì ń gbà to fáìlì, kò ní gba fáìlì tó bá tó 4 GB, ẹ lo “Split to volumes” láti gé àpò náà sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé gbogbo ègé rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pé.

Kí ẹ tó pa ojúlówó rẹ́, ẹ gbé àpò náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn, ẹ tẹ pásíwọ́ọ̀dù níbẹ̀, ẹ mú “Test archive”, kí ẹ sì ṣí fídíò kan wò dé òpin. Bí ẹ bá fi àpò ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ pè wọ́n lórí fóònù, kí ẹ fẹnu sọ pásíwọ́ọ̀dù fún wọn.