Èsì: Ọmọ ọparun tó ń yọ tín-ín-rín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Ẹ ní ọmọ ọparun yín létí odò Àlà, l'Ákùrẹ́, ń yọ tín-ín-rín, bẹ́ẹ̀ ẹ ń gbá ewé ẹ̀ sun, ẹ sì ń da yúríà, ajílẹ̀ oníkẹ́míkà, sí i. Ajílẹ̀ ọ̀fẹ́ lẹ ń sun yẹn! Ẹ ṣí ewé tó ti pẹ́ nílẹ̀ wò, ẹ ó rí fọ́nrán funfun olú tó ń jẹ ẹ́ rà. Ibẹ̀ loúnjẹ ti ń padà sí gbòǹgbò. Tí iná bá ti jó o, náítírójìn inú ẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn fi ń dàgbà, á bá èéfín lọ, òjò á gbá eérú sódò. Èéfín ọkọ̀ náà ń kó náítírójìn sínú òjò. Tó bá pọ̀ jù, ilẹ̀ á di kíkan, kálísíọ́mù, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mìíràn, á ṣàn lọ. Yúríà àpọ̀jù ń dá kún un ni. Ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ máa gé ọparun tó ti gbó, kẹ́ ẹ fi ewé ẹ̀ sílẹ̀ nídìí ẹ̀.