Ṣé AI lè bá wa fi òfin ìpínlẹ̀ mẹ́fà wéra?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ àwa obìnrin ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì fẹ́ fi òfin tó de ìwà ipá inú ilé ní Èkìtì wé ti Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Oǹdó, ká lè gbé e lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Adó. Mo ní kí AI wá VAPP (Violence Against Persons (Prohibition) Act, òfin àpapọ̀ ọdún 2015 tó de ìwà ipá sí èèyàn) ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ya àtẹ tó dára, àmọ́ ó kọ “kò sí” síwájú Èkìtì. Ṣé ká gbà á bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbé e lọ síbì kankan, mà. Láti 2011 ni Èkìtì ti ní òfin tirẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2019. Gender-Based Violence Prohibition Law ló ń jẹ́, ẹ sì fi orúkọ òfin àpapọ̀ ọdún 2015 wá a. Ti Èkó, tó jẹ́ ti 2007, tún ní orúkọ mìíràn: Protection Against Domestic Violence Law. Ohun tí òfin kà léèwọ̀ ni kí ẹ máa fi wá a.

Ẹ tún kíyè sí i pé Abújá nìkan ni òfin 2015 yẹn ti múlẹ̀, àfi níbi tí ìpínlẹ̀ bá ti ṣe tirẹ̀. AI sábà máa ń mú ìjìyà inú rẹ̀, bí ẹ̀wọ̀n gbére fún ìfipábánilòpọ̀, kó sì kọ ọ́ síwájú ìpínlẹ̀ tí kò tíì ka òfin rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kó ìwé òfin jọ. Bí kò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ 7 ni òfin òmìnira ìròyìn 2011 fún wọn láti dáhùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní April 2025 pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ẹ rí i dájú pé gómìnà ti fọwọ́ sí i. Àbádòfin pọ̀ níta tó jọ òfin.

Ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ fún AI lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá kó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún un pọ̀, ó lè máa fi abala Ògùn dáhùn fún Ọ̀ṣun. Ẹ sọ fún un báyìí: “Inú ìwé yìí nìkan ni kí o ti dáhùn. Kọ nọ́ńbà abala, kí o sì da gbólóhùn òfin kọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́.” Ẹ bi í léèrè ìjìyà tó kéré jù, èyí tó pọ̀ jù, ẹni tó lè tọrọ àṣẹ ààbò nílé ẹjọ́, àti ẹni tó ń sanwó ìtọ́jú.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń bàjẹ́ jù ni àyè tó ṣófo nínú àtẹ. “Òfin kò sọ ọ́,” “a kò rí ìwé rẹ̀,” àti “a rí i, kò ṣe é kà” kì í ṣe ohun kan náà, AI sì máa ń pe gbogbo wọn ní “kò sí.” Ẹ ní kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, torí aṣòfin tó bá ká yín mọ́ orí ẹyọ kan kò ní ka ìyókù mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tí AI dà kọ nínú PDF ìwé òfin náà. Èyí tí ẹ kò bá rí, ẹ pa á rẹ́. Bó bá jẹ́ ìwé tí wọ́n ya bíi fọ́tò ni, ojú ni kí ẹ fi yẹ gbogbo iye ọdún àti owó ìtanràn wò: 14 lè di 11, òdo kan sì lè bọ́ nínú 200,000.

Bí ẹgbẹ́ yín bá ní àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n hùwà ipá sí, ẹ má fi sínú AI rárá, kódà bí ẹ bá ti yọ orúkọ wọn. Ní ìlú bí Ìkẹ́rẹ́, àdúgbò àti iye ọmọ nìkan ti tó láti dá èèyàn mọ̀.