Ẹ̀ka la fi ń gbin bougainvillea, kì í ṣe kóró

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògiri ọgbà wa ní Ìkòròdú gùn tó mítà 18, mo sì fẹ́ kí igi òdòdó tí wọ́n ń pè ní bougainvillea bò ó. Àwọn tó ń ta fúláwà létí títì ní ₦2,500 ni ẹyọ kan. Ọ̀rẹ́ mi wá fi ìpolówó kan hàn mí lórí fóònù: kóró bougainvillea aláwọ̀ méje, 50 nínú àpò kan, ₦4,000 péré, wọ́n á sì fi kóró róòsì búlúù ṣe èènì. Mo ti ra àpò kan. Ṣé inú náílọ́ọ̀nù ni kí n gbìn ín sí àbí ilẹ̀ tààrà? Ṣé kò kúkú sàn kéèyàn máa gbin kóró ju kó máa kówó fún àwọn ará ẹ̀gbẹ́ títì lọ? – Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbin nǹkan kan. Wọ́n ti lù yín ní jìbìtì. Irú ìbéèrè yìí kì í tán lọ́wọ́ wa, ó sì ti ń bíni nínú, torí ohun tí wọ́n fi ń gba owó yìí kò ṣòroó já rárá.

Ẹ jẹ́ ká lọ sóko ná. Ta ló ń gbin kóró ẹ̀gẹ́? Igi rẹ̀ la ń gé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ìdí rẹ̀ la ń yọ. Iṣu, èbù. Bí ẹnì kan bá gbé kóró ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dé iwájú ilé yín lónìí, ẹ̀rín lẹ máa fi rín. Bọ́rọ̀ bougainvillea ṣe rí náà nìyẹn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń gbìn sẹ́bàá ògiri, àdàlù irú méjì-mẹ́ta ni wọ́n, wọn kì í sábà so. Ìwọ̀nba tó bá so pàápàá, ọmọ kì í jọ ìyá, ó sì lè gbà á lọ́dún mélòó kan kó tó tanná. Àwọn tó ń wá irú tuntun ló ń bá kóró rẹ̀ yí. Ẹni tó fẹ́ bo ògiri, ẹ̀ka ni tirẹ̀.

Ó ku “aláwọ̀ méje”. Ẹ já òdòdó bougainvillea kan lára igi aládùúgbò, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Ohun pupa tàbí àlùkò tí ẹ ń wò látòkèèrè yẹn, ewé ni: mẹ́ta-mẹ́ta, ó fẹ́lẹ́ bíi bébà, ẹ ó sì rí iṣan ewé lára rẹ̀ kedere. Òdòdó gan-an ni àwọn páìpù tín-ín-rín tí ẹnu wọn funfun, tó jókòó sáàárín ewé náà. Òótọ́ ni pé irú kan wà tó ń yọ funfun àti pínǹkì lórí igi kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbin òun náà. Èyí tí ẹ bá rí tó ní àwọ̀ mẹ́ta-mẹ́rin lórí ìdí kan, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ẹni tó mọṣẹ́ lè lẹ ẹ̀ka igi kan mọ́ ara òmíràn kó fi jinná. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà á ki ẹ̀ka mẹ́ta aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bọ inú ìkòkò kan. Kò burú bí ẹ bá ti mọ̀ pé igi mẹ́ta lẹ rà. Àmọ́ èyí tó lágbára jù máa gbé àwọn yòókù mì bí ẹ kò bá ń fi sísọ́ọ̀sì ńlá gé e wálẹ̀.

Róòsì búlúù èènì yẹn ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Róòsì kò ní èròjà tó ń mú òdòdó yọ búlúù, èyí tí wọ́n ń pè ní delphinidin. Ilé iṣẹ́ Suntory ní Japan àti Florigene ní Ọsirélíà fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe é kí wọ́n tó fi jíìnì òdòdó mìíràn gbé e wọnú róòsì. Ọdún 2004 ni wọ́n kéde rẹ̀; ó di 2009 kó tó dé ọjà ní Japan. Pẹ̀lú gbogbo làálàá yẹn, àwọ̀ rẹ̀ ṣì súnmọ́ àlùkò ju aró lọ. Èyí tó búlúù bí aró tí ẹ ń rí níbi ìgbéyàwó, wọ́n rẹ ẹ́ ni: róòsì funfun ni wọ́n ki ìdí rẹ̀ bọ omi aláró. Ta ló wá fẹ́ fi kóró irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe èènì lórí ọjà ₦4,000?

Ká ṣírò ti ògiri yín. Bí àlàfo bá jẹ́ mítà kan àti ààbọ̀, mítà 18 gba igi 13. Ní ₦2,500, ó di ₦32,500. Ẹ̀ka kò ná yín ní nǹkan kan ju kí ẹ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí tirẹ̀ ti kún, pẹ̀lú owó náílọ́ọ̀nù dúdú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ rò pé kóró ló dínwó, ẹ̀ka ló dínwó jù.

Oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún ni kí ẹ gé e, kó lè ti fìdí múlẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ wá ẹ̀ka tó nípọn tó pẹ́ńsùlù, tí ara rẹ̀ ti ń kúrò ní àwọ̀ ewé tó ń di àwọ̀ igi. Orí rẹ̀ tó ṣì tutù máa jẹrà mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kó ní ojú (ibi tí ewé ti ń yọ) mẹ́rin ó kéré tán. Ẹ gé ìdí rẹ̀ dagun lábẹ́ ojú kan, kí ẹ gé orí rẹ̀ pẹrẹsẹ; ìyẹn ni ẹ ó fi mọ ìdí yàtọ̀ sí orí, torí èyí tí ẹ bá dorí rẹ̀ kodò kò ní hù dáadáa. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, kí ẹ fi sípírítì nù ún. Ẹ já gbogbo ewé àti òdòdó kúrò. Náílọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ níhò nísàlẹ̀; ìyẹ̀pẹ̀ ojú ilẹ̀ apá méjì, iyanrìn odò apá kan, láìsí ìgbẹ́ adìẹ rárá. Ojú méjì á wọlẹ̀, méjì á wà lókè. Ẹ fọwọ́ tẹ ìyẹ̀pẹ̀ mọ́ ọn, kí ẹ kó wọn sí ibòòji. Ẹ ki ìka bọ ìyẹ̀pẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín: bó bá ṣì tutù, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ gé 20 kí ẹ lè rí 13, torí gbogbo rẹ̀ kọ́ ni yóò yè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé. Lọ́sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, ewé á rú. Inú wọn á dùn, wọ́n á tú náílọ́ọ̀nù, wọ́n á gbé e lọ sílẹ̀, ó di òkú igi láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ewé kì í ṣe ẹ̀rí gbòǹgbò! Iṣu ń hù nínú àká láìfẹnu kan ilẹ̀. Oúnjẹ tó wà nínú ẹ̀ka ni ewé náà ń jẹ. Ẹ mú sùúrù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, títí ẹ ó fi rí gbòǹgbò funfun lẹ́nu ihò ìsàlẹ̀ náílọ́ọ̀nù. Ẹ má fà á wò. Gbòǹgbò bougainvillea tín-ín-rín, ó tètè ń já: inú ihò tí ẹ gbẹ́ gan-an ni kí ẹ ti fi abẹ ya náílọ́ọ̀nù, kí ìyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ má tú.

Ihò náà kó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, ṣọ́bìrì kan péré. Bó bá jẹ ìgbẹ́ tàbí omi jù, ewé nìkan ni yóò máa yọ. Kò ní ohun tó fi ń di ògiri mú, ẹ̀yin lẹ máa so ó mọ́ wáyà. Ẹ̀gún rẹ̀ kì í ṣe eré, ẹ má gbìn ín síbi tí àwọn ọmọ ń gbà kọjá. N ò rí ilẹ̀ yín o: bí omi bá ń dúró níbẹ̀ lásìkò òjò, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ wá wò ó kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, torí gbòǹgbò rẹ̀ máa rà nínú omi.

Bí ẹ kò bá lè dúró, ẹ lọ ra ti ẹ̀gbẹ́ títì, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ di ìdí igi mú, kí ẹ rọra gbé e sókè: bó bá ń yọ jáde, àná ni wọ́n ki í bọ ibẹ̀. Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò, bóyá kòkòrò funfun bí òwú wà níbẹ̀. Bí dàńdá bá ti hù nínú náílọ́ọ̀nù, ẹ má gbé e wọlé, ẹ̀ ń ra ìjà ọdún mẹ́wàá ni. Èyí tí wọ́n fà tu nítorí pé gbòǹgbò ti la náílọ́ọ̀nù wọlẹ̀, ó máa rọ kó tó délé yín.

Àwọn òdòdó tí kóró wà fún, wọ́n wà: zinnia, cosmos, balsam, marigold. Ẹ gbìn ín kó jìn tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà. Zinnia á hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, á sì tanná ní bí oṣù méjì. Celosia tó dà bí ogbe àkùkọ, ẹbí ṣọkọyòkòtò ni, bí ẹ ṣe ń gbin ti ọbẹ̀ lẹ ó ṣe gbìn ín: ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Bí wọ́n bá há mọ́ra tí omi sì pọ̀, ìdí wọn á dúdú, wọ́n á ṣubú lulẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Irú àwọn wọ̀nyí, ríra wọn nínú ìkòkò ni ìnákúnàá, torí oṣù mélòó kan péré ni wọ́n fi ń wà.

Àpò tó wà lọ́wọ́ yín ńkọ́? Bí kò bá sí orúkọ ilé iṣẹ́, ọjọ́ àti orílẹ̀-èdè tó ti wá lára rẹ̀, ẹ má gbìn ín “kí n kàn wò ó”. A ò mọ igbó tàbí àrùn tó wà nínú rẹ̀. Kóró tó ń ti òkè òkun bọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àti ìwé ẹ̀rí ìlera ewéko, àjọ ìjọba àpapọ̀ NAQS (Nigeria Agricultural Quarantine Service) ló sì ń bójú tó o. Ẹ lè kó o lọ bá wọn. Bí ẹ kò bá ráyè, ẹ da omi híhó lé e lórí, kí ẹ dì í sínú náílọ́ọ̀nù, kí ẹ tó jù ú sí pàǹtírí. Kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ yín yẹn kí òun náà tó ra tirẹ̀.