Mò ń parí iṣẹ́ lásìkò, ọ̀gá mi ní mi ò ní "strategic thinking"

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Project manager ni mí ní ilé iṣẹ́ kan tó ń pín ọjà káàkiri Èkó, ọdún kẹrin mi rèé níbẹ̀, mo sì ti gba PMP, ìwé ẹ̀rí àwọn project manager. Lóṣù tó kọjá ọ̀gá mi ṣe appraisal fún mi, wọ́n ní kò sí iṣẹ́ tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ tí kì í parí lásìkò, àmọ́ àwọn ò lè gbé mi sókè torí mi ò ní "strategic thinking". Mo ní kí ni kí n wá ṣe, wọ́n ní kí n lọ ronú sí i 😂. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi báyìí ni pé ká kó gbogbo àkọsílẹ̀ ọjà wa kúrò lórí Excel lọ sórí software tuntun kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Ẹ gbà mí, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá ẹ ò purọ́ mọ́ ẹ, àmọ́ wọn ò ràn ẹ́ lọ́wọ́ náà, "lọ ronú sí i" yẹn dà bíi kéèyàn sọ fún ẹni tí ọbẹ̀ ẹ̀ ò dùn pé kó lọ sè é kó dùn.

Jẹ́ kí n sọ tèmi fún ẹ. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ báyìí tí wọ́n gbé iṣẹ́ kan fún mi, pé ká ṣe app fún àwọn alájọ ilé iṣẹ́ ayánilówó kékeré kan, àwọn tó máa ń lọ gba owó kiri ọjà lójoojúmọ́, kí wọ́n lè máa fi fóònù kọ owó dípò káàdì. A parí ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tá a dá, owó tún ṣẹ́kù, wọ́n se ìrẹsì, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mo tẹ̀ lé ọ̀kan nínú àwọn alájọ yẹn lọ sọ́jà, bó ṣe dé iwájú ìyá tó ń ta ata báyìí, káàdì àti bírò ló yọ nínú báàgì, fóònù wà lápò, ó ti pa á kí bátìrì má bàa kú. Mo ní kí ló dé. Ìyá aláta ló dá mi lóhùn, wọ́n ní àwọn ò lè lọ kó owó àwọn sínú fóònù ẹlòmíì, pé tí alájọ bá sá lọ lónìí, àmì tó wà lórí káàdì tó wà lọ́wọ́ àwọn yẹn làwọn máa gbé lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ẹnu mi wọhò. Ìwé àkọsílẹ̀ ni mo pe káàdì, ẹ̀rí ni ìyá yẹn fi í ṣe, kò sì síbì kankan nínú gbogbo plan mi tí mo ti bi ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà tí wọ́n bá ní strategic thinking, ohun tí mo máa ń gbọ́ sétí ò ju ìbéèrè méjì lọ, èyí tó yẹ kéèyàn béèrè kó tó dá ọjọ́ rárá: tí iṣẹ́ yìí bá parí, kí ló máa yàtọ̀, fún ta ni? Àti pé ta ni nǹkan máa bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀? Ìkejì yẹn làwa project manager máa ń sá fún jù.

Wo BRT Èkó. March 2008 ló bẹ̀rẹ̀, láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22. Àwọn LAMATA, àjọ ìjọba Èkó tó ń rí sí ètò ìrìnnà, tó ṣètò ẹ̀ mọ̀ nípa ti Bogotá ní Kòlóńbíà tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 2000, wọ́n lè ní àfi irú ẹ̀ gẹ́lẹ́, ká ṣì máa retí ẹ̀ dòní. Kàkà bẹ́ẹ̀ wọ́n wò ó pé kí lèrò Èkó ń wá gan-an, pé kí ọkọ̀ má há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí owó ẹ̀ má sì kọjá agbára, ni wọ́n bá gbájú mọ́ ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì: bí ìdá 65 nínú 100 ni wọ́n fi kọnkéré pààlà ẹ̀, ibòmíì wọ́n kàn fi ọ̀dà fa ìlà, ibi tí ò sáyè wọ́n jẹ́ kí bọ́ọ̀sì bá àwọn mọ́tò tó kù rìn. BRT Lite ni wọ́n pè é. Oṣù 15 ló gbà látìgbà tí wọ́n ti ń rò ó títí tó fi ń gbérò, owó tó sì ná wọn tó mílíọ̀nù 1.7 dọ́là lórí kìlómítà kan, èyí tó kéré gan-an fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ibi tó wù mí jù nínú ẹ̀ ni ti NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀. Àwọn oní-dánfó àti mólùè ojú ọ̀nà yẹn ni nǹkan máa bọ́ lọ́wọ́ wọn, ìwọ náà sì mọ ohun tí wọ́n lè ṣe tínú bá bí wọn. Wọ́n bá wọn sọ̀rọ̀ títí, ẹgbẹ́ yẹn dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, alájẹṣẹ́kù yẹn ló kọ́kọ́ ń wa bọ́ọ̀sì BRT nígbà yẹn. Àwọn tí ì bá dínà ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ fún. (Mo mọ̀ pé ẹni tó ti dúró lórí ìlà ní Ketu láàárọ̀ Mọ́ńdè máa ní ẹjọ́ tiẹ̀ láti rò, mi ò bá a jà.)

O ti wo àwọn àgbà tó ń ta ayò rí, àbí? Ihò 12, ọmọ ayò 48, gbogbo ẹ̀ wà níta, kò sóhun tó pamọ́. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta á máa jẹ méjì mẹ́ta bó ṣe ń rí i, inú ẹ̀ á máa dùn. Ọ̀ta ní tiẹ̀ á máa wò ó níran, á máa kó ọmọ jọ sínú ihò kan, kó tó bu ú báyìí ó ti mọ ibi tí èyí tó gbẹ̀yìn máa já sí. Iṣẹ́ tó ò ń parí lásìkò yẹn, méjì mẹ́ta tó ò ń jẹ nìyẹn.

Bó o ṣe máa bi ọ̀gá wá ńkọ́? Má lọ dìde nínú ìpàdé kó o ní "kí la tiẹ̀ fẹ́ fi èyí ṣe", wọ́n á ní ò ń yájú. Mú wọn níkọ̀kọ̀, sọ pé "sà, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ yìí fún board lọ́dún tó ń bọ̀, kí lẹ fẹ́ lè fi yangàn?" Ohun tí wọ́n bá sọ, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, òun ló máa wà lókè plan ẹ. Tí wọn ò bá rí nǹkan kan sọ, ìyẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà o, iṣẹ́ yẹn ò tíì yẹ ní bíbẹ̀rẹ̀.

Gary Klein, ará Amẹ́ríkà kan tó máa ń ṣèwádìí bí èèyàn ṣe ń ṣèpinnu, kọ nípa nǹkan kan ní 2007 tó ń jẹ́ premortem: kíṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni pé ó ti bàjẹ́ pátápátá, kí kálukú wá kọ ohun tó bà á jẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo ní "ẹ jẹ́ ká gbà pé iṣẹ́ yìí ti forí ṣánpọ́n", mummy kan ní admin ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a kọ̀ ọ́!", gbogbo ilé ṣe àmín, ó parí síbẹ̀. Ní báyìí mo máa ń ní ilé iṣẹ́ kan níbòmíì ló ṣe irú ẹ̀, tó bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí lẹ rò pé ó fà á? Háà, wọ́n á sọ̀rọ̀ tán. Kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé ṣáá, torí tí àgbà bá ti lanu, ọmọdé ò ní sọ tiẹ̀ mọ́.

PMP ẹ náà lè wúlò síbí, ṣé o mọ̀ pé nínú PDU 60, ìyẹn wákàtí ẹ̀kọ́ tó o máa kó jọ láàárín ọdún 3 kí PMP ẹ má bàa kú, ó kéré tán 8 gbọ́dọ̀ jẹ́ ti Business Acumen, ìmọ̀ nípa bí òwò ṣe ń lọ. Ọ̀pọ̀ wa ń fi webinar sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀ nígbà tá a bá ń din dòdò. Èmi á ní kó o lọ jókòó ti àwọn account fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Fráídè kan, kó o mọ ọjà tó ń mówó wọlé fún yín àtèyí tẹ́ ẹ kàn ń gbé kiri.

Ó wá ku Excel yín. Kó o tó pe àwọn tó ń ta software, wá ẹni tí Excel yẹn sọ di èèyàn ńlá. Kì í wọ́n. Ó máa ń jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kan nídìí stock, òun nìkan ló mọ password, òun ló mọ ìdí tí line kan fi jẹ́ pupa, dírẹ́kítọ̀ gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ kó tó rí report. Tí software bá dé, ìyẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nìyẹn, kò sì ní bá ẹ jà, á kàn máa ní "data ò tíì pé" títí oṣù kẹsàn-án á fi kọjá. Lọ bá a lọ́la. Ra mírínńdà dání, ní kó ṣàlàyé àwọn line pupa yẹn fún ẹ.