Pólíìṣì bírò mi kì í pẹ́: kí ni kí n fi kùn ún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Bírò onígi ni mo ń ṣe ní Ṣágámù, igi apá ni mo sì máa ń lò jù. Pólíìṣì ni mò ń fi kùn ún. Ọjọ́ tí mo bá tà á, ó ń dán yinrinyinrin. Kò ní í pé oṣù méjì, oníbàárà á gbé e padà, ibi tí àtàǹpàkò ń dì mú á ti ṣú. Kí ni kí n lò?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ohun tó ṣe ọ́ ti ṣe mí rí. Mo ra àjákù igi ní sọ́míìlì Ìjẹ̀bú-Igbó, mo fi ṣe bírò méjìlá tí Régbérégbé wa fi ta àlejò lọ́rẹ nígbà Ojúde Ọba. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì ni. Kó tó di ọdún Iléyá kejì, gbogbo ara bírò náà ti bó. Sanitizer tó ń fi pa ọwọ́ ló tú u. Ṣẹ́láàkì, ìyẹn oje kòkòrò kan tó máa ń gan, la fi ń po pólíìṣì wa, spírítì la sì fi ń yọ́ ọ. Ọtí líle kan náà ló wà nínú sanitizer. Àga pálọ̀ lè gba pólíìṣì. Bírò kò lè gbà á.

Súpágúlù ni kí o lò, èyí tó ṣàn bí omi. Bí igi ṣe ń yí lórí ẹ̀rọ, kán an sórí bébà ìnuwọ́, fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, jẹ́ kó gbẹ, kí o tún un pa. Èmi kì í pa á dín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ. Jọ̀wọ́, má fi òwú tàbí àkísà aṣọ òwú pa á o! Tí súpágúlù bá kan òwú, ó ń gbóná lójijì, ó lè jó ọ lọ́wọ́. Ṣí fèrèsé, kí o sì wọ awò ojú.

Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń mú súpágúlù gan. Nítorí náà, lásìkò òjò, má kùn ún nípọn, kó má baà hu funfun. Tó bá jẹ́ ìrókò, kọ́kọ́ fi àsítóònù, omi tí wọ́n fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́, nu epo ara rẹ̀ kúrò kí o tó kùn ún.

Sáńpépà olómi, èyí tí a ń rẹ sómi fi ha igi, ló kàn, láti nọ́ńbà 400 títí dé 2000 tó kúnná jù. Ṣùgbọ́n kí omi tó kàn án, fi súpágúlù dí ẹnu igi náà lókè àti nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé tí igi fi ń wú, tó sì ń là. Jẹ́ kó sùn mọ́jú kí o tó to irin bírò sí i.